Agbọ́n àti Oyin: Ìtàn Vespa Àlòkù ní Ọ̀tọ̀-Àwórì

Bí ẹ bá béèrè ìtàn ilẹ̀ wa lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Ìbà, àwo ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ní Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀lé àwo kan tí ó ń léfòó lórí omi, pé ibi tí ó bá rì sí ni wọn yóò tẹ̀dó sí. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè bí àwo náà ti ṣe, wọ́n dáhùn pé àwo ti rì. Ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti jáde. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ó fi hàn pé ohun èlò inú ilé lásán lè gbé ìtàn odidi ẹ̀yà kan dání.

Nínú àròkọ yìí, ohun èlò mìíràn ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ Ítálì ni ó ti wá. Òun ni Vespa, alùpùpù tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ kí ọ̀kadà tó gba ìgboro. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó jẹ́ àlòkù kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó ra àlòkù, àjẹkù ẹlòmíràn ni ó rà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ra àlòkù yan ohun tí ó bá ọ̀nà àti iṣẹ́ rẹ̀ mu, ó tún un ṣe, ó sì fi ìtàn tirẹ̀ kún ìtàn tí ó bá nínú rẹ̀.

Ọdún 1946 ni ilé-iṣẹ́ Piaggio gbé Vespa àkọ́kọ́ jáde. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ogun àgbáyé kejì ti fi bọ́ǹbù ba ilé-iṣẹ́ wọn ní ìlú Pontedera jẹ́. Ọ̀nà ti bàjẹ́, owó mọ́tò kò sì sí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Enrico Piaggio, tí í ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, wá ohun tí owó kékeré lè rà. Ó gbé iṣẹ́ náà fún Corradino D'Ascanio, ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú tí kò fẹ́ràn alùpùpù rárá. Lójú tirẹ̀, alùpùpù ń dọ̀tí aṣọ, ìjókòó rẹ̀ kò rọrùn, táyà rẹ̀ sì ṣòro láti yọ bí ó bá jò. Nítorí náà, ó fi páànù bo ẹ́ńjìnnì, ó yọ ṣéènì kúrò, ó gbé jíà sí ibi tí ọwọ́ wà, ó sì so táyà iwájú mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó lè yá láti pààrọ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ níwájú ìjókòó kí ẹni tí ó wọ síkẹ́ẹ̀tì lè gùn ún láì gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ìbàdí ẹ̀rọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń kùn bí kòkòrò. Wọ́n pè é ní Vespa, èyí tí ó túmọ̀ sí agbọ́n ní èdè Ítálì. Ní 1948, wọ́n ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti ara rẹ̀ fún ẹrù kíkó, wọ́n sì pe ìyẹn ní Ape, ìyẹn oyin. Ní 1955, wọ́n gbé èyí tí ó wà fún eré sísá jáde, Vespa 150 GS, tí ó ní jíà mẹ́rin, tí ó sì lè sá tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ẹ má gbàgbé oyin yẹn o. A óò tún pàdé rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà.

Àwọn ọdún 1970 ni agbègbè wa bẹ̀rẹ̀ sí í di ìlú ọlọ́kọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní 1975, ìjọba san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ra rédíò, fìríìjì àti alùpùpù. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Badagry níbí. Ibùdókọ̀ náà ṣì ń jẹ́ Volkswagen títí di òní. Wọ́n la òpópónà Èkó sí Badagry, wọ́n sì kọ́ ọgbà Ìtajà Àgbáyé tí a ń pè ní Trade Fair, èyí tí wọ́n ṣí ní 1977, ọdún kan náà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún FESTAC. Ọ̀dà tuntun ń dán lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ iyanrìn àti oko àgbọn tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń wo Volkswagen tí ó ń jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé owó oṣù òun kò lè rà á. Vespa àlòkù ni apá rẹ̀ ká.

Bàbá mi àgbà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1976, wọ́n ra Vespa 150 Super lọ́wọ́ akọ̀wé kan ní Apápá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ni wọ́n ti ń kọ gbogbo àtúnṣe rẹ̀ sínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ìwé yìí àti ẹnu Bàbá fúnra wọn ni mo ti rí púpọ̀ nínú ohun tí n ó sọ báyìí.

Ojú ewé àkọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe yàn án. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n lọ, láì sọ fún ẹni tí ó ń tà á pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì láti mọ̀ bóyá ó tutù, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ fi àìsàn ẹ̀rọ pamọ́ yóò ti gbé e jí kí oníbàárà tó dé. Wọ́n káwọ́ gbé rọ́bà ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sókè wo abẹ́ rẹ̀. Páànù ara Vespa ni egungun rẹ̀; bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ náà ti jẹrà, atẹ́gùn òkun àti ti ọ̀sà tiwa kì í sì í dá irin sí. Wọ́n gùn ún lọ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá jíà kejì ń fò jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n wo èéfín. Gbogbo Vespa ìgbà náà ni ó ń rú èéfín díẹ̀, nítorí òróró ni a ń pò mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá nípọn tí kò lọ bọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà tí ó ń dí òróró jíà ti gbó, kí ẹ́ńjìnnì sì máa jó òróró náà. Níkẹyìn, wọ́n fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì wé ti inú ìwé ọkọ̀. Mo ti rí àwọn mẹkáníìkì ní Okokomáìkò tí wọ́n ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí lónìí fún Bajaj àti Yamaha. Ìmọ̀ náà kò yí padà, orúkọ ẹ̀rọ ni ó yí padà.

Lẹ́yìn yíyàn ni àtúnṣe dé. Bàbá ní kí wọ́n yọ ìjókòó méjèèjì kúrò, kí wọ́n fi ọ̀kan gígùn rọ́pò wọn, kí ìyá mi àgbà lè jókòó ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìró wọn. Ẹni tí ń jó irin mọ́ irin ṣe agbẹ̀rù kan sí iwájú fún ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó sì ṣe òmíràn sí ẹ̀yìn fún àgbọn tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti apá Badagry. Wọ́n so rọ́bà gígùn mọ́ ẹ̀yìn táyà nítorí ẹrẹ̀. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ búlúù. Ará Ítálì kan kò ronú kan àgbọn rí nígbà tí ó ń ya àwòrán Vespa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di 1978, Vespa yìí ti di ọmọ ìlú wa. Ó ti di ohun tí a kò lè rí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pontedera.

Kí ló dé tí a kò fi rí Vespa púpọ̀ mọ́? Àwọn àgbà máa ń dáhùn pé ayé ti bàjẹ́. Ìwé Bàbá fún mi ní ìdáhùn tí ó ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1976 sí 1982, táyà kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú rẹ̀. Láti 1986 sí 1990, ojú ewé kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún táyà, ríìmù àti sípíríìnì. Táyà Vespa kéré, íńṣì mẹ́jọ péré ni ríìmù rẹ̀. Lórí ọ̀dà tí ó tẹ́jú, ó dára. Nínú kòtò àti iyanrìn, ó ń rì bí àwo Ọlọ́fin. Alùpùpù àwọn ará Japan ní táyà ńlá tí ó lè la kòtò kọjá, Honda sì ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ìlú Àwórì bíi tiwa, ní 1979. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò SAP ní 1986, náírà já wálẹ̀, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ gbówó lórí, iṣẹ́ sì wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò. Wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air pè é, nítorí ó ń fò kọjá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ẹni tí ó fẹ́ fi alùpùpù jẹun láti ìdájí di alẹ́ nílò táyà ńlá àti ẹ́ńjìnnì tí kì í fi òróró ṣòfò. Agbọ́n kò lè ṣe é. Táyà tí ará ìlú bá yàn máa ń sọ irú ọ̀nà tí ìjọba fún un.

Síbẹ̀, ilẹ̀ Ítálì kò kúrò lọ́nà wa. Ní nǹkan bí 1960, ilé-iṣẹ́ Bajaj ní India gba àṣẹ lọ́wọ́ Piaggio láti máa ṣe Vespa lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sì ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ìlànà Ape. Láàárín 1996 sí 1999, Buba Marwa tí ó jẹ́ alákòóso ológun ní Èkó mú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ ìgboro, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lónìí, bí ẹ bá dúró ní Ìyànà-Ìbà, ẹ ó rí Bajaj tí wọ́n tò bí eṣinṣin lára oyin. Oyin náà nìyẹn! Àwọn onímárúwá pẹ̀lú ń ṣe ohun tí Bàbá ṣe: wọ́n ń fi irin yí iwájú rẹ̀ ká, wọ́n ń so tapólì fún òjò, wọ́n ń fi ẹ̀rọ orin láti Alábà sí abẹ́ ìjókòó, wọ́n sì ń kọ orúkọ ọmọ wọn sí ẹ̀yìn.

Òfin náà ní ipa nínú ìtàn yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lu òfin tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475 ní Èkó. Lára àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 200cc lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba tún fi ọwọ́ líle mú un, òpópónà Èkó sí Badagry sì wà lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n dárúkọ. Mo mọ ìdí rẹ̀: ìjàǹbá ọ̀kadà ti gba ẹsẹ̀ àti ẹ̀mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó bọ́ sí. Ọmọ olówó tí ó ra Ducati àlòkù láti òkè òkun lè tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì ńlá rẹ̀. Vespa Bàbá, tí ó jẹ́ 150cc, kò lè gun ọ̀nà tí ó bá dàgbà mọ́.

Vespa náà wà ní ẹ̀yìnkùlé wa báyìí, abẹ́ igi máńgòrò. Ní ọdún yìí, oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kan wá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ojú, ó sì dá iye lé e. Àbúrò bàbá mi sọ pé kí a tà á, nítorí owó ìdánwò WAEC mi kò tíì pé, irin kò sì lè ṣe ìdánwò fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ọjà kiri fún àwọn oníbàárà ní kí a tún un ṣe, kí a fi àpótí sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó máa fi jíṣẹ́ láàárín àdúgbò níbi tí òfin kò dí i lọ́wọ́. Bàbá kò sọ pé kí a tà á, wọn kò sì sọ pé kí a má tà á. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ ka ìwé aláwọ̀ ewé náà tán. Èmi nìkan ni mo ti kà á tán. Òpin sáà yìí ni ẹbí yóò jókòó lé e lórí.

Èrò tèmi ni pé kí a fún ẹ̀gbọ́n mi. Yóò tún un ṣe bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́, bí Bàbá ti ṣe ní 1976. Bí ó bá sì fi ṣiṣẹ́, ó lè san owó ìdánwò náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá tilẹ̀ ní kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìwé náà kò gbọdọ̀ bá a lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àwọn àgbà wa wà ní ẹ̀yìnkùlé, nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti lábẹ́ ọwọ́ àwọn ajórin láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìjànikin. Kò sí ilé-ìkàwé kankan tí ó ń kó wọn jọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n rà, ìdí tí wọ́n fi yàn án, àti ohun tí wọ́n yí padà lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí òṣùwọ̀n irin tó dé.