Láti Ọjọ́ Ìkómọ dé Ọjọ́ Ìbí: Ìtàn Àsè Ọmọdé láàrin Yorùbá

Ìfáárà

Bí a bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Èkó tàbí Ìbàdàn lónìí, kò ní pẹ́ kí a tó bá kéèkì, àbẹ́là àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù pàdé nínú kíláàsì. Òbí ọlọ́jọ́ ìbí yóò ti gbèrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì, iye àpò ẹ̀bùn tí wọn yóò dì, orúkọ tí wọn yóò kọ sí orí kéèkì. Àwọn kan a máa bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí pé ti òyìnbó pọ́ńbélé ni. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àsè ọmọdé kì í ṣe àjòjì sí Yorùbá. Ohun tí ó jẹ́ àjòjì ni déètì, àti èrò pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó ni àsè náà.

Ìbí tí a kò fi déètì rántí

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni Yorùbá kà sí pàtàkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni ó wọ́pọ̀ fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn èyí, kì í ṣe àṣà láti tún pe àjọ nítorí pé ọdún yípo bọ̀ sí ọjọ́ tí a bí ọmọ. Orúkọ ni ó gbé ìrántí náà dání. A bí Abíọ́dún ní àsìkò ọdún, a bí Abíọ́nà sí ojú ọ̀nà, Babátúndé sì dé lẹ́yìn ikú bàbá àgbà. Bí a bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ènìyàn, a ó béèrè ogun tí ó ń jà nígbà náà, ọba tí ó wà lórí oyè, tàbí ọmọ aládùúgbò tí a bí ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì di Samuel Crowther. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọdún tí a bí i, 'nǹkan bí 1809' ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kọ. Ìgbà tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn akọ̀wé ni déètì bẹ̀rẹ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti wà fún Erékùṣù Èkó láti 1863, àwọn ìjọ sì ní ìwé ìrìbọmi tiwọn, ṣùgbọ́n èyí kò kan àwọn ìletò. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní, 1955, àìmọye ọmọ ni wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì, nítorí pé kò sí ìwé ìbí tí ènìyàn lè béèrè. Nígbà mìíràn, olùkọ́ tí ó ń kọ orúkọ sílẹ̀ gan-an ni ó fún ọmọ ní ọdún ìbí.

Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti mọ ọjọ́ ìbí ẹlòmíràn. Ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, tí a bí Ọbabìnrin Victoria ní 1819, ni ìjọba amúnisìn sọ di Empire Day, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń tò, tí wọ́n sì ń yan níwájú àwọn aláṣẹ.

Àwo kan, ọwọ́ púpọ̀

Ṣé kò wá sí àsè ọmọdé ṣáájú èyí ni? Ó wà. Ìyá ìbejì a máa se ẹ̀wà, a bu epo sí i dáadáa, a sì ké sí àwọn ọmọ àdúgbò. Wọn a yí àwo ńlá kan ká, wọn a ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọn a jẹ, wọn a kọrin, wọn a sì ṣàdúrà fún àwọn ìbejì náà. A kì í kọ orúkọ àlejò sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ariwo ni ó ń wá. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gbé àsè yìí kọjá òkun. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wọ́n so ìbejì pọ̀ mọ́ àwọn ẹni mímọ́ Cosme àti Damião. Tí ó bá di ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, wọn a fi ilá àti epo pupa se caruru. Ọmọ méje ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́, wọn a jókòó sílẹ̀ yí abọ́ kan ṣoṣo ká, kí àgbà tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ilẹ̀ Jámánì ni a ti rí àkọsílẹ̀ kéèkì ọjọ́ ìbí pẹ̀lú àbẹ́là ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ohùn orin tí gbogbo ayé ń kọ níbẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni ó ti wá: àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Mildred àti Patty Hill, ni wọ́n ṣe é ní Kentucky láti fi kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi káàárọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1893.

Bí àṣà tuntun yìí ṣe kọ́kọ́ rí lójú ọmọ Yorùbá hàn nínú Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, tí ó jáde ní 1981. Ọmọ náà pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Lójú tirẹ̀, bí déètì bá ti pé, àsè yóò dé fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé ènìyàn ni ó ń pèsè é. Ní ti ẹ̀wà ìbejì, ọmọdé lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó má jẹ̀bi.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan olùkọ́ nìyí. Kéèkì tí ó kárí kíláàsì sún mọ́ àwo ẹ̀wà ju bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ni ó wà lórí rẹ̀, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó sì ń ka oṣù tirẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìtìjú. A dábàá pé kí àwọn tí a bí ní oṣù kan náà máa pín ọjọ́ kan, kí àwọn òbí dá oúnjẹ jọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ẹni tí kò mú nǹkan wá. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nílé àti nílùú nígbà tí a bí i, àti ìdí tí ó fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, sí abẹ́ déètì.