Ẹdan Ògbóni ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹni tí ó bá dé Kútò ní Abẹ́òkúta lónìí, ọjà àti ariwo ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé, lẹ́yìn náà ni yóò rí gbọ̀ngàn àṣà tí a fi June 12 sọ lórúkọ. Nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ni a ti ń fi ìlù, aṣọ àti ijó àwọn baba wa yangàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa ọmọ Ìjọ kì í fẹ́ dárúkọ: èyí ni ẹdan. Bí a bá bá a nínú àpótí baba ńlá wa, kí a jù ú nù ni, tàbí kí a tà á? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó jẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ṣe.

Ẹdan jẹ́ ère idẹ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí a fi ẹ̀wọ̀n so pọ̀ ní orí. Ẹni tí ń ṣe é a fi ìda mọ ère náà, a fi amọ̀ bò ó, a sì yan án nínú iná títí ìda yóò fi yọ́ ṣàn jáde. Ààyè tí ìda fi sílẹ̀ ni a ó da idẹ yíyọ́ sí. Fífọ́ ni a sì ń fọ́ amọ̀ náà kí ère tó lè jáde. Nítorí náà ni kò fi sí ẹdan méjì tí ó dọ́gba pátápátá.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Ìlú púpọ̀ ni wọ́n, olúkúlùkù sì ní ilé Ògbóni tirẹ̀. Kò sí Aláké ní Abẹ́òkúta títí di 1854, nígbà tí Òkúkẹ́nù gorí oyè. Àwọn Ológun ń darí ogun. Àwọn Ògbóni ni ó di òfin àti ìdájọ́ mú, ẹdan sì ni àmì àṣẹ wọn. Bí ìránṣẹ́ wọn bá mú un lọ́wọ́, ẹni tí a rán an sí kò gbọdọ̀ kọ̀ láti wá. Bí ènìyàn méjì bá jà tí ẹ̀jẹ̀ sì kán sílẹ̀, a gbà pé wọ́n ti ṣẹ Ilẹ̀. A ó gbé ẹdan sí ibẹ̀, ìjà gbọdọ̀ parí, àwọn méjèèjì a sì san ìtanràn. Idẹ kékeré ni, kò ní idà, kò ní ìbọn. Ìbúra tí a bá Ilẹ̀ ṣe ni agbára rẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta." Ọ̀pọ̀ ènìyàn túmọ̀ ẹni kẹta náà sí Ilẹ̀, tí í gbọ́ ohun tí àwọn méjì bá jọ sọ.

Àwa kì yóò fi òtítọ́ pamọ́. Agbára tí ó wà ní ìkọ̀kọ̀ a máa ni aláìní lára. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ awo kì í gbọ́ bí a ti gbìmọ̀ ẹjọ́ rẹ̀, ẹbọ sì wà níbẹ̀. Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní 1843. Ní 1846 ni òun àti Samuel Àjàyí Crowther wá fi ìdí Ìjọ múlẹ̀. Ní 1849 àwọn onígbàgbọ́ jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Síbẹ̀ Townsend yìí kan náà kó ohun ọnà Yorùbá jọ, wọ́n sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Exeter, ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a dá Ìjọba Ẹ̀gbá Àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1898, ìdájọ́ bọ́ sí ọwọ́ kóòtù díẹ̀díẹ̀. Ní 1914, àlùfáà Ìjọ wa kan, T. A. J. Ògúnbíyì, dá ẹgbẹ́ Ògbóni ti àwọn Kristẹni sílẹ̀ ní Èkó. Ìjà ọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ náà kò sì tán nínú Ìjọ títí di òní.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi ẹdan búra, nítorí Olúwa kan ni a ní. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jù ú nù, kí a má sì ṣe tà á fún oníṣòwò tí yóò gbé e sọdá òkun. Kí a bi àwọn àgbà ilé léèrè, kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí a sì fi í sí ibi tí àwọn ọmọ wa yóò ti rí i. Àwa tí a ń ka ìtàn Kéènì àti Ábélì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ a máa ké láti inú ilẹ̀ wá. Àwọn baba wa kò tí ì ka ìwé náà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kán sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀.