Kí La Ó Pe Ẹja Yíyan Tí A Pò Mọ́ Wàràkàṣì?

Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Florida, ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ni ẹja yíyan máa ń gbà dé orí tábìlì. Wọ́n lè gbé e wá ní odindi. Wọ́n sì lè yọ eegun rẹ̀, kí wọ́n já ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n pò ó mọ́ wàràkàṣì rírọ̀ àti mayonéèsì, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí wọ́n wá gbé bísíkíìtì oníyọ̀ tì í. Ilé oúnjẹ Ted Peters, nítòsí St. Petersburg, ti ń fi igi óòkù pupa yan ẹja láti 1951, mullet sì wà lára ẹja tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn kò fẹnu kò lórí orúkọ oúnjẹ kejì yìí. Àwọn kan ń pè é ní dip, torí pé wọ́n ń ti bísíkíìtì bọ inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní spread, torí pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ sórí bísíkíìtì. Ẹni tó ń jẹun ni orúkọ méjèèjì ń wò. Kò sí èyí tó sọ ohun tí ọwọ́ ẹni tó ṣe é ṣe.

Oúnjẹ Yorùbá kì í sábà gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ rírò, ata díndín, iṣu sísun, ẹja yíyan: ọ̀rọ̀-ìṣe ló wà nídìí gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ ìdajì bí wọ́n ṣe ń sè é. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà fún ẹni tó bá ní kí á pe dip ní “ìfibọ̀”. Àwọn onígírámà ti gba bọ̀ yẹn tipẹ́, wọ́n ti fi dá gbólóhùn oníbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ìfibọ̀ nínú ìwé oúnjẹ á rò pé ìdánwò ló dé. “Ìtọ́jẹ” tún burú ju ìyẹn lọ. Òótọ́ ni pé a máa ń fi ìka tọ́ nǹkan wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jọ itọ́ ẹnu tó báyẹn, kí ló ń wá nínú àwo? “Ọbẹ̀ ẹja” náà kò ràn wá lọ́wọ́. Orí iná ni ọbẹ̀ ti ń wá, bí a bá sì ti dárúkọ rẹ̀, ojú gbogbo ayé á máa wá òkèlè kiri.

Ọwọ́ ni kí á wò. Mix ni Òyìnbó máa ń sọ, ọ̀rọ̀ sì ti parí. A kì í gbọ́ irú ẹ̀ ní ilé ìdáná wa. À ń gún iyán, à ń ro àmàlà, à ń tẹ ẹ̀bà, à ń po ẹ̀kọ, kò sì sí ìyá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó “da ẹ̀bà pọ̀”. Gún ń fẹ́ odó. Lọ̀ ń fẹ́ ọlọ tàbí ẹ̀rọ. Rò ń fẹ́ iná lábẹ́ ìkòkò. Pò nìkan ni kò béèrè ju ọwọ́ tàbí ṣíbí lọ, kí ohun tó rọ̀ àti ohun tó ki lè wọ inú ara wọn láìsí iná. Nítorí náà, ẹja pípò ni mo fara mọ́. Ó bá ẹja yíyan àti ẹja díndín tò sórí ìlà kan náà. Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó máa béèrè ni kí la fi pò ó.

Kí á tó pò ó, a ní láti já a, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti lè ba oúnjẹ jẹ́. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kí á gún ẹja, ẹja náà á di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, kò ní sí ohun tí eyín máa bá pàdé. Rún sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹja tó ti gbẹ ni rún bá mu, èyí tó ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹja tó ṣì ní omi lára kì í rún. Ṣe ló ń já, ní ìpele ìpele, bí ẹran ara rẹ̀ ṣe tò. Obìnrin tó bá ti ṣa eegun àrọ̀ fún ẹ̀fọ́ rí mọ ìyàtọ̀ yìí, kò sì kà á nínú ìwé kankan.

Yan ló gba ìrònú jù. Ẹja tí wọ́n yan ní Mákòókó tàbí létí omi Ìlàjẹ, nítorí kó lè pẹ́ ni wọ́n ṣe yan án. Iná àti èéfín á fa omi inú rẹ̀, á le, á sì lè bá apẹ̀rẹ̀ dé ọjà ọ̀nà jíjìn. Ti Florida kò rí bẹ́ẹ̀. Adùn ni wọ́n ń wá lára èéfín. Omi ṣì wà nínú ẹja náà, fíríìjì ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Bí a bá wá pe méjèèjì ní ẹja yíyan, tí a kò fi nǹkan kan kún un, ẹnì kan á lọ ra àrọ̀ kíká tó ti le gbagidi, á pò ó mọ́ wàràkàṣì olówó iyebíye, eyín á sì sọ ìyókù.

Òwe ló yọ wá níbí. Àyangbẹ ajá dùn, ṣùgbọ́n kí ni a ó jẹ kí ajá tó gbẹ? Ẹni tó kọ́kọ́ sọ àyangbẹ ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láìpe ìpàdé: ó mú yan, ó mú gbẹ, ó fi à ṣíwájú wọn, ó di ohun tí a yan títí ó fi gbẹ. Ọ̀nà yẹn kò tíì dí. Bí àyangbẹ bá wà, àyanrọ̀ náà lè wà, ìyẹn ohun tí a yan tó sì ṣì rọ̀. Ẹ sì tún òwe náà gbọ́ dáadáa: ohun tí a ó jẹ kó tó gbẹ ló ń béèrè. Àyanrọ̀ ni.

Oríṣi kẹta wà tí n kò ní jẹ́ kó wọ abẹ́ yan rárá. Ẹja sámọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ tí àwọn èèyàn wa ní London máa ń bá pàdé nínú búrẹ́dì, èéfín tí ooru rẹ̀ kì í sábà ju ìwọ̀n Celsius 30 lọ ni wọ́n fi ṣe é. Iná kò sè é. Yan tí kò ní ooru kì í ṣe yan. Ṣùgbọ́n èéfín bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí orí àjà, lókè ààrò, ni àwọn àgbà ń kó àgbàdo sí kí èéfín lè máa kàn án díẹ̀díẹ̀. Ẹja orí àjà ni mo máa pè é. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ má gbàgbé àmì ohùn, kí ajá inú òwe má baà tún yọjú.

Ní ti àwọn èròjà tó kù, n kò rí ìdí tí a ó fi máa làágùn. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pe bọ́tà ní òrí-àmọ́, ó sì pe cheese ní wàràkàṣì. Wàràkàṣì ṣì wà láàyè. Ta ló ń fi òrí-àmọ́ pa búrẹ́dì lára lónìí? Ọtí kíkan wà nínú Bíbélì náà, fínígà wà lọ́jà, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn jà. Àlùbọ́sà fúnra rẹ̀, èdè Lárúbáwá ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ó gba ọ̀nà Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè fi ń ṣiṣẹ́, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Ìkejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò wọ ilé ìdáná. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ èdè wa tó ń sọ fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì láìtijú ti fún wa láyè láti sọ mayonéèsì. Ẹ̀rọ amóhuntutù dára fún ìwé ìròyìn. Fíríìjì ni ọmọ ilé máa ń ṣí.

Wàràkàṣì nìkan ló yẹ kí á fi nǹkan kún. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, oje bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, ó sì le débi pé a lè dín in. Èyí tí ẹja pípò ń fẹ́ rọ̀ débi tí ọ̀bẹ fi lè tẹ́ ẹ. Wàràkàṣì rírọ̀, ó parí.

Ẹja ńkọ́? Mullet wà nínú ọ̀sà Èkó pẹ̀lú, ẹni tó bá sì fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ni kó gbà lọ, kó má jókòó sílé ṣẹ̀dá òmíràn. Ní ọjà, mackerel ti di títùs láìsí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i. Bákan náà ni ààrò Chorkor, tí wọ́n gbé jáde ní Ghana ní nǹkan bí 1970 fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, ṣe ń jẹ́ orúkọ àdúgbò kan ní Accra títí dòní, ní gbogbo ibi tó tàn dé. Títùs sì ni ẹja tí mo máa lò, torí pé ọ̀rá wà lára rẹ̀, ẹja ọlọ́ràá sì ni kì í gbẹ hán lórí èéfín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ dá sílẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí ẹja bá jáde nínú omi iyọ̀, ara rẹ̀ máa ń mú awọ fẹ́lẹ́ kan jáde bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i, awọ yìí ni èéfín sì ń dì mọ́. Àwọn Òyìnbó ní orúkọ fún un, wọ́n yá a lọ́wọ́ èdè Látìn. A kò nílò orúkọ. “Jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́” ti tó, ó tiẹ̀ wúlò ju orúkọ lọ, nítorí ó sọ ohun tí ìka máa fi mọ̀.

Ó wá kù kí á kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sè é ṣe máa kà á. Po iyọ̀ giramu 60 sínú omi lítà 1. La títùs méjì sí méjì-méjì, fi wọ́n sínú omi iyọ̀ náà fún wákàtí kan. Nù wọ́n, tò wọ́n sórí asẹ́, jẹ́ kí ara wọn gbẹ títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Fi igi tí kò ní oje yan wọ́n, torí pé igi olóje ń mú ẹja korò. Jẹ́ kí ooru inú ẹja náà dé ìwọ̀n Celsius 65 sí 71, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yan án kó rọ̀, má yan án kó gbẹ. Bó bá ti tutù, yọ awọ àti eegun, já a wẹ́wẹ́. Wọn giramu 250 nínú rẹ̀. Kọ́kọ́ po wàràkàṣì rírọ̀ giramu 120 mọ́ ṣíbí ìjẹun 2 mayonéèsì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan àti ìdajì àlùbọ́sà kékeré tí o rẹ́ wínníwínní. Ìgbẹ̀yìn ni kí o da ẹja sí i, kí o fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ pò ó, kí ó má baà fọ́ jù. Fi ata sí i, tọ́ ọ wò kó o tó fi iyọ̀ kún un, torí pé ẹja ti mu iyọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbé e sínú fíríìjì, má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ mẹ́ta: èéfín díẹ̀ yẹn kò lè pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí, àwọn kan sì wà tí òtútù fíríìjì kò dí lọ́wọ́, pàápàá Listeria, tó léwu fún aláboyún.

Bísíkíìtì oníyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Florida. Kábíìn ló sún mọ́ ọn jù nílé wa, ṣùgbọ́n bí dùndún gbígbóná bá wà nílẹ̀, n kò ní dúró de kábíìn.