Gààrí, Tọ́rọ́ àti Ìdaṣẹ́sílẹ̀: Bí Ayé Ti Rí ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndò àti Èkó Nígbà Ogun Kejì àti Lẹ́yìn Rẹ̀



Nígbà tí a bá ń pìtàn àwọn ọdún tí ó wà láàárín 1939 àti 1950 ní ilẹ̀ wa, orúkọ àwọn ènìyàn ńlá ni a sábà máa ń pè: Herbert Macaulay, Nnamdi Azikiwe, Michael Imoudu. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń ti àwọn ènìyàn ńlá wọ̀nyí lẹ́yìn, tí a kì í kà kún. Ohun náà ni gààrí. Ohun tí mo ní láti sọ fún yín ni pé ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí iye owó gààrí kì í ṣe ìjà láàárín ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí ó kó oúnjẹ pamọ́, bí àwọn aláṣẹ ìgbà náà ti fẹ́ kí a gbà. Ìjà lórí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi iye lé iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Láti ojú ọ̀nà oko ni a ó sì ti wò ó, láti ìhà Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, kì í ṣe láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì ní Marina.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí irú ilẹ̀ tí ibẹ̀ jẹ́ nígbà náà. Ẹni tí ó bá mọ Alímọ̀ṣọ́ nísinsìnyí, pẹ̀lú èrò rẹ̀ àti ariwo ọkọ̀ rẹ̀, kò lè tètè gbà pé oko ni. Ilẹ̀ Àwórì ni, abúlé lẹ́yìn abúlé, ní ìhà Ìkẹjà, lábẹ́ àwọn aláṣẹ Colony, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ìlú Èkó. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀fọ́, ọ̀pẹ àti obì ni ọrọ̀ wọn. Agége tí ó wà nítòsí ní ìdíkọ̀ rélùwéè, nítorí ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìbàdàn. Àwọn àgbẹ̀ ńlá bí J. K. Coker ti fi kòkó àti obì sọ Agége di olókìkí. Ṣùgbọ́n oko kéékèèké ni ti àwọn ará abúlé, èyí tí ọkọ ń ro tí ìyàwó sì ń tà.

Èkó ní tirẹ̀ ń wú. Ní 1931 a ka ènìyàn 126,108 níbẹ̀. Ní 1950 wọ́n ti di 230,256. Erékùṣù kì í hu ẹ̀gẹ́. Gbogbo ẹnu wọ̀nyí ń wo ẹ̀yìn odò fún oúnjẹ.

Ẹni tí kò bá ṣe gààrí rí lè rò pé kò ju kí a da omi sí i kí a sì mu ún. Ẹ̀gẹ́ a máa lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀. Nígbà tí ó bá gbó, a ó wú u, a ó rù ú wálé, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì rin ín lórí páànù tí a fi ìṣó dá lu ní ihò kéékèèké. Ọwọ́ tí kò bá ṣọ́ra a sì máa bá ẹ̀gẹ́ lọ. Èyí tí a rin ni a ó dì sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e lórí, omi rẹ̀ yóò sì máa ro fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Lẹ́yìn náà ni a ó kù ú, tí a ó sì yan án nínú agbada lórí iná igi, èéfín lójú, ooru láyà. Obìnrin ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó bá sì parí, kò tíì di owó. Ó kù kí a gbé e dé ọjà, lórí tàbí nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ní àkókò tí ogun ti sọ táyà àti epo ọkọ̀ di ohun tí a ń fi ìwé àṣẹ rà. Nítorí náà, nígbà tí aláṣẹ kan bá jókòó ní Èkó tí ó sì wí pé iye báyìí ni kóńgò gààrí kan, kì í ṣe gààrí nìkan ni ó díye lé. Ó díye lé ọdún kan oko, lé igi ìdáná, lé ẹ̀yìn obìnrin.

Kí ni ó mú owó oúnjẹ ga? Ọ̀nà púpọ̀ ni. Ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ọjà wá dín kù. Nígbà tí Japan gba Malaya àti àwọn erékùṣù ìlà-oòrùn ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yíjú sí ilẹ̀ wa fún epo pupa, èkùrọ́ àti rọ́bà, a sì rọ àgbẹ̀ láti ṣe ìwọ̀nyí ju oúnjẹ lọ. Àwọn ọmọ ogun kún Èkó, owó sì bá wọn wọlé. Iṣẹ́ olówó oṣù ń pe ọ̀dọ́ kúrò lóko. Ní Ìkẹjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abúlé wa gan-an, a kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun náà. Ọwọ́ oko dín, ẹnu ìlú pọ̀. Kò sí ohun ìyanu nínú kí owó gòkè.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí owó fúnra rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀níní mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́fà ni sísì, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan. Ìyá tí kò mọ ìwé a máa ṣe ìṣirò wọ̀nyí lórí ìdúró, kò sì ní ṣì í. Títí di 1973 tí náírà dé ni a fi ń ná wọn. Bí kọ́bọ̀ kan bá lé owó kóńgò gààrí, ilé tí ó ní ọmọ márùn-ún yóò mọ̀ ọ́n kí oòrùn tó wọ̀.

Ìjọba kò ṣe aláìrí ìnira yìí. Láti 1941 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de iye owó oúnjẹ ní Èkó, a sì fi ètò náà sí ọwọ́ Ọ̀gágun A. P. Pullen, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe ètò náà títí di òní. Wọ́n dá ibùdó ìtajà tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì fi ìjìyà lé ẹni tí ó bá tà ju iye tí a kọ sílẹ̀ lọ. N kò sọ pé èrò burúkú ni ó wà lọ́kàn wọn. Òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa kò lè gbé ẹrù ogun. N kò sì sọ pé kò sí oníwọra láàárín àwọn oníṣòwò. Ó wà, ó sì ń kó pamọ́. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ kéré sí làálàá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún yín. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni èyí tí ọmọdé ilé-ìwé lè sọ tẹ́lẹ̀: gààrí pòórá lójú ọjà, ó sì yọ ní ẹ̀yìnkùlé ní alẹ́, ní iye tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A wá ń pe obìnrin tí ó tà á ní arúfin. Àwa tí à ń wàásù pàápàá, ó máa ń rọ̀ wá lọ́rùn láti bá ẹlẹ́rù wí ju kí a béèrè ohun tí ẹrù náà ná an.

Ẹni tí ó dìde dúró ní Èkó ni Alímọ̀tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja ọjà Ẹ̀rẹ̀kò, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kàwé ń wá a lọ. Ní 1940, nígbà tí a fẹ́ kí obìnrin tí ó ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú jáde, títí ìjọba fi gbé àlà náà sókè sí £200. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gààrí dé, ìjọba fi owó oṣù lọ̀ ọ́ kí ó lè bá wọn mú ètò Pullen dúró, ó kọ̀. Ẹ rò ó wò: ìbá ti jẹ́ ohun tí ó rọrùn fún un. Ó yé e pé bí òun bá gbà, àwọn tí ń rin ẹ̀gẹ́ ní oko ni yóò san owó oṣù náà fún òun. Lẹ́yìn ogun ni a pa ètò náà tì.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Ní Abẹ́òkúta, a gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin nígbà ogun. Láti inú irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀ àti ti owó orí ni ìdìde tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ ti dàgbà, títí Aláké Adémọ́lá fi fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní January 1949.

Nísinsìnyí, ẹ wo òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìhà kejì. Ní June 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ti àwọn ẹ̀ka ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀, ó ju 30,000 wọn lọ. Wọ́n ń béèrè pé kí owó iṣẹ́ òòjọ́ má ṣe dín ní ṣílè méjì àti sísì kan, èyí tí í ṣe tọ́rọ́ mẹ́wàá, kí a sì fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà. Imoudu tí a ti lé lọ sí Auchi ní 1943 ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba pa ẹnu West African Pilot àti Daily Comet mọ́. Ó ju oṣù kan lọ kí iṣẹ́ tó padà, ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀ sì fọwọ́ sí àfikún owó náà lẹ́yìn. Àwọn kan ti kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ àti obìnrin ọjà jẹ́ ọ̀tá ara wọn. N kò gbà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ni obìnrin ọjà fi ń jẹun; aṣọ, iyọ̀ àti epo ìtànná tí ó ti wọ́n ni òun náà ń rà. Nígbà tí ó bá sì lọ ra iyọ̀ ní ilé iṣẹ́ òyìnbó, wọn a ní kí ó kọ́kọ́ ra ọjà mìíràn tí kò yá kí wọ́n tó fún un.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ebi yìí gun orí ìtàgé ni Hubert Ògúndé ti Òṣóṣà, ọlọ́pàá ni nígbà náà. Ní 1944 ó ti ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì ní gbọ̀ngàn Glover fún ìjọ kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta. Ní ọdún ìdaṣẹ́sílẹ̀ gan-an ni ó gbé Strike and Hunger jáde. Àwọn aláṣẹ dá eré náà dúró ní Jos ní 1946, ọdún náà sì ni ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí i: láti inú orin ìjọ ni ó ti kọ́ bí a ti ń kó ẹgbẹ́ akọrin jọ, ṣùgbọ́n láti inú ọjà ni ó ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọdún 1945 náà ni Ìròhìn Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí jáde, tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi lè máa ka ọ̀rọ̀ ìlú.

Orin pẹ̀lú yí padà. Jùjú tí Túndé King ti sọ di olókìkí ṣáájú ogun gba ìlù gángan mọ́ra ní 1948. Ọdún yẹn kan náà ni Hárúnà Ìṣọ̀lá kọrin sínú àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, kò tà. Bobby Benson ti dé láti òkè òkun ní 1947 pẹ̀lú gìtá àti ijó tí ó ya àwọn àgbà lẹ́nu. Ní Èkó, asọ̀rọ̀mágbèsì tí a fi wáyà fà sínú ilé ti wà láti 1935. Wáyà náà kò dé Ìgàndò. Ẹni tí ó bá ta gààrí ní ìlú ni í mú orin bọ̀ wálé, ó sì lè kọ́ gbogbo àdúgbò kí ọjọ́ ọjà tó tún pé.

Pẹlẹwúrà kú ní 1951. Ọdún náà ni a so Èkó àti ẹkùn rẹ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1954 a tún yọ Èkó, a sì fi Ìkẹjà àti àwọn abúlé wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Lẹ́yìn náà ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí hù níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ń hù. Ní ìkànìyàn 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní Alímọ̀ṣọ́. Ọjà Ìkòtún ti di ńlá. Gààrí tí à ń wọ̀n níbẹ̀, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ti ń sọ̀, láti Ìjẹ̀bú àti ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.