Máàpù Ojú Ọjọ́ ní Òṣòdì

Ìlà oòrùn ni ìjì Alímọ̀ṣọ́ ti ń wá. Bí sánmà bá ṣú dúdú lápá Ìkẹjà, oníṣòwò Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá kì í dúró béèrè kí wọ́n tó bo ọjà wọn. Ohun tí wọ́n fojú rí yìí náà ni àwa tá a fi pẹ́ńsù ya máàpù ojú ọjọ́ ní Òṣòdì ń wá, àmọ́ wákàtí mélòó kan ṣáájú.

Ọdún 1937 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá iṣẹ́ ojú ọjọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní 1945, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ méjì, Hamilton àti Archbold, kọ ìwé lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà. Àlàyé wọn ni àwọn ọ̀gá wa fi kọ́ wa níṣẹ́.

Ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, òṣìṣẹ́ ibùdó kọ̀ọ̀kan á ka tẹmọ́mítà méjì nínú àpótí onígi funfun, ọ̀kan gbẹ, aṣọ tútù wé orí èkejì. Á ka bàrómítà, á wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á pín sánmà sí mẹ́jọ láti mọ ìdá tí ìkùukùu bò. Gbogbo rẹ̀ á di nọ́ńbà márùn-ún márùn-ún. 65201 ni nọ́ńbà ibùdó Ìkẹjà.

Bàrómítà nìkan kò tó nílẹ̀ wa, torí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, òjò ì báà rọ̀, ì báà má rọ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tí tẹmọ́mítà méjèèjì fi hàn la fi ń mọ ìlà tí atẹ́gùn òkun ti pàdé ọyẹ́. Ìjì máa ń hù ní gúúsù ìlà yẹn, á sì forí lé ìwọ̀ oòrùn, nǹkan bí kìlómítà 50 ní wákàtí kan.

Ìṣirò ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí Oǹdó bá ròyìn ìjì àti àrá ní aago mẹ́ta ọ̀sán, Ìjẹ̀bú-Òde a máa retí tirẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún, Ìgàndò ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ìjì lè kú sọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn ibùdó kékeré kan tí kò dé fi máa ń dùn wá.

Òfin 2003 ló dá NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, sílẹ̀. Sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ pẹ́ńsù, síbẹ̀ wọn kò lè rọ́pò ẹni tó ń ka tẹmọ́mítà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Alímọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ilé ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ wà ní Òṣòdì, kò jìnnà sí yín. Ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ náà.