Láti Inú Ìwé Dé Ojú Agbo Ijó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1857, ilé ẹjọ́ kan ní Páríìsì dá Charles Baudelaire lẹ́bi nítorí ìwé ewì rẹ̀, Les Fleurs du mal. Wọ́n bu owó ìtanràn 300 fàráǹsì lé e, wọ́n sì yọ ewì 6 kúrò nínú ìwé náà. Ọdún 1949 ni a tó pa ìdájọ́ yìí rẹ́. Ewì Baudelaire yìí kan náà ni àwa olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ wa lónìí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ fún wọn pé ó ti wọ ilé ijó.

Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e ni wọ́n ń pè ní décadents. Ẹ̀gàn ni orúkọ náà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn gbà á bí oyè. Ní 1884 ni Joris-Karl Huysmans tẹ À rebours jáde. Des Esseintes, ọmọ ọlọ́lá inú ìtàn náà, sá fún ènìyàn: ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń jí lóru, ó to ọtí sínú àgbá kéékèèké bí ohun èlò orin, ó sì ń tọ́ wọn wò títí yóò fi gbọ́ orin lẹ́nu ara rẹ̀. Òru, iná àtọwọ́dá, àti ẹni tí ó sọ ara rẹ̀ di iṣẹ́ ọnà: Oscar Wilde gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1979, níbẹ̀ náà, Steve Strange àti Rusty Egan ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ilé ọtí tí ó ń jẹ́ Blitz. Strange ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà; ẹni tí kò bá múra lọ́nà àrà kò ní wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní owó bíi Des Esseintes; aṣọ àlòkù àti àtíkè ni wọ́n ń lò. Àwa kò sọ pé gbogbo wọn ka Huysmans. David Bowie ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò kọ́ṣe.

Ti Marc Almond kò ní iyèméjì ní tirẹ̀. Ní 1993, nínú àwo Absinthe, ó fi ewì Baudelaire àti ti Rimbaud kọrin. Mylène Farmer sì ti fi L'Horloge ti Baudelaire ṣí àwo tirẹ̀ ní 1988.

Àmọ́ orin tí ó sọ Almond di olókìkí ní 1981, Tainted Love, kò ti inú ìwé kankan wá. Gloria Jones, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1960. Kò tà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fẹ́ràn àwo àtijọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n ń jó o ní àwọn ọdún 1970, kí Almond tó gbé e wọ aṣọ Páríìsì.