Àṣìṣe Ìwé Kì Í Ṣe Olè

Ọdún 1951 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n sì ní kó mú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti 1946. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti ń kó ìwé kiri: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga, ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Fáìlì wọn ni mo fi ń jẹun kí èmi náà tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ wo àwọn tíṣà wa. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n gbà síṣẹ́. Orúkọ bàbá ni ọmọge fi wọlé, orúkọ ọkọ ló fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Bí akọ̀wé bá sì tẹ 'Adeoye' ní 'Adeoya', ẹnì kan ti di méjì nìyẹn.

Mo rántí fáìlì ìyá kan. Orúkọ méjì ló wà lẹ́yìn fáìlì náà. Wọ́n fi báírò pupa fa ìlà sí ọ̀kan, kò sí ẹni tó buwọ́ lù ú. Nígbà àyẹ̀wò, wọ́n dá owó ìyá dúró. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìsinmi rẹ̀, ìwé ìgbéga rẹ̀, kódà lẹ́tà tí wọ́n fi bá a wí nítorí pípẹ́ dé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Fáìlì ayédèrú kì í sábà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí kò lè gba ìsinmi.

Olè gidi wà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2013, John Yakubu Yusufu, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá, jẹ́wọ́ ẹ̀sùn olè ní kóòtù l'Ábùjá. Adájọ́ ní kó san 750,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ó di 2018 kí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà, tó sì ní kó dá bílíọ̀nù 22.9 náírà padà. Inú ọ́fíìsì ni olè yẹn jókòó sí. Kì í ṣe arúgbó orí ìlà.

Ní 2023, PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, gbé ètò kan jáde tí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ fi lè jẹ́rìí láti ilé pé òun ṣì wà láàyè. Ohun tó dára ni. Ó ku ọ̀kan: kí owó arúgbó máa wọlé títí wọn yóò fi tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ẹ̀rí bá fi hàn pé ó jalè nìkan ni kí wọ́n dá owó rẹ̀ dúró.